Ẹsẹ̀ Àdùkẹ́ àti Wàrà Gáà Ìrẹsà

Àkùkọ kejì kò tíì kọ tí mo ti wẹ̀ tán. Kì í ṣe pé mo tètè jí. N kò rí oorun sùn ni. Mo ń gbọ́ òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù ilé wa ní Ọ̀yọ́, mo sì ń ro gbogbo ohun tó lè bà jẹ́ lọ́nà. Ọkọ̀ lè yọ̀ lórí ọ̀dà. Dókítà lè má wá. Dókítà sì lè wá, kó sọ ohun tí n kò fẹ́ gbọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ọmọ-ọmọ mi, Àdùkẹ́, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ni mo fẹ́ gbé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló wọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn aládùúgbò ní bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé ń rìn, yóò nà tó bá yá. Kò nà. Bí ara rẹ̀ ṣe ń wúwo sí i ni ẹsẹ̀ náà ń tẹ̀ síta bí ọrun tí ọdẹ fà, débi pé bó bá fi ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì kanra, ajá kékeré lè gba àárín orúnkún rẹ̀ kọjá. Láìpẹ́ yìí ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bó bá rìn pẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa wò ó, ó mi orí, ó ní dókítà egungun kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí á gbé e lọ. Ó wá fi kún un pé nígbà mìíràn, ńṣe ni wọ́n máa ń gé egungun irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tún un tò.

Ọ̀rọ̀ "gé" yìí wọ ilé wa, kò sì jáde mọ́. Ọmọ mi Fọláṣadé, ìyá Àdùkẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí òmíràn ni, kò sì lè bá wa lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú òkùnkùn ìdájí, ọmọ tuntun wà lẹ́nu ọmú rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ èyí ẹ̀gbọ́n.

"Bàbá, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gé e, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e lónìí o. Ẹ kọ́kọ́ gbé e padà wá fún mi."

"Ta ló sọ pé wọ́n fẹ́ gé e?"

"Ẹ sá ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Bí ìyàwó mi bá wà láyé ni, òun ni ì bá pọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ó ti lọ. Èmi arúgbó ni mo gbé Àdùkẹ́ lé èjìká, mo fi agboòrùn kọ́ apá, a jáde.

Ní gáréèjì, náírà mẹ́rin ni wọ́n ń gba ènìyàn dé Ògbómọ̀ṣọ́ nínú pijó. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, bọ́lẹ́kájà ni à ń wọ̀, ṣílè díẹ̀ la sì ń san. A ó jókòó lórí pákó, a ó máa kọrin títí a ó fi dé ibi tí à ń lọ. N kò rántí pé ẹ̀rù ọ̀nà bà mí rí nígbà náà. Ẹni tí kò tíì sin ẹnikẹ́ni, kí ni yóò máa bẹ̀rù?

Ràjí ni orúkọ awakọ̀ wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà funfun, tó sì so tẹ̀sùbáà mọ́ díńgí ọkọ̀. Bó ṣe rí mi pẹ̀lú ọmọ lọ́rùn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o! Ìyá ọmọ ti kọ̀ yín ni?"

"Bí ó bá kọ̀ mí, ṣé ìwọ ni yóò fẹ́?"

"Háà, ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ wọlé, ẹ jókòó síwájú."

N kò jókòó síwájú. Iwájú ni ọkọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ gbá nǹkan. Mo bọ́ sẹ́yìn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó wọ aṣọ funfun àwọn Aládùúrà, tó ń gbé àlùbọ́sà lọ tà. Kò jẹ́ kí n jókòó dáadáa tó fi na ọwọ́.

"Ẹ gbé e wá, Bàbá. Bí ẹni gbé àpò gààrí lẹ ṣe gbé ọmọ ọlọ́mọ."

Ó gbé Àdùkẹ́ lé itan, ó fà á láṣọ sísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ẹsẹ̀ náà. Gbogbo àwàdà ẹnu rẹ̀ tán. Ó wá fi àtàǹpàkò ya àmì àgbélébùú sí orúnkún ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Yóò nà. Ní orúkọ Jésù, yóò nà."

"Àmín," ni Ràjí wí láti iwájú. "Ọlọ́run Ọba yóò ṣe é." Ó sì ṣíná ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé ọ̀nà náà kò fẹ̀. Ọkọ̀ méjì bá ara wọn pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan sínú koríko. Àwọn tírélà tó ń kó màlúù bọ̀ láti òkè ọya kì í sì í fẹ́ kúrò lójú ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni. Òjò ti fọ ọ̀dà, ó ń dán bí ẹ̀yìn ejò. A kọjá lára táńkà epo kan tó jóná, tó dojú dé sínú kòtò; egungun irin rẹ̀ dúdú, àwọn èèbù iṣu tó wà lóko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti jóná mọ́ ebè. Nígbà tí a dé odò Ọbà, tírélà kan yọ níwájú lórí afárá, iná rẹ̀ méjèèjì ń wò wá bí ojú ẹran. Ràjí tẹ bíréèkì, ọkọ̀ yí ìdí díẹ̀, omi pupa ń ru nísàlẹ̀ wa. Mo di ojú. Ọwọ́ mi ń wá ẹsẹ̀ Àdùkẹ́, mo sì dì í mú, bí ẹni pé ẹsẹ̀ yẹn nìkan ni odò fẹ́ gbé lọ.

"Ẹ lajú, Bàbá," ni ìyá Aládùúrà wí. "Ó ti kọjá. Ìwọ awakọ̀, o fẹ́ pa wá ni?"

"Ìyá, èmi kọ́. Òun ló fẹ́ gba gbogbo afárá."

Nígbà tí a sọ̀ ní Tákíè, oríta ńlá tó wà láàrin Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí gbogbo nǹkan títà gbé pàdé, mo bẹ Ràjí pé kó dúró dè wá nírọ̀lẹ́. Ó ní kí á má pẹ́ ju ìrun ìrọ̀lẹ́ lọ, nítorí òun kì í fi irú ọ̀nà yẹn ṣeré lókùnkùn.

Ilé ìwòsàn náà kún. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi ga. Wọ́n gbé Àdùkẹ́ lọ ya fọ́tò egungun. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin onígò ojú kan, gbé fọ́tò náà sójú iná. Ó fi ìka tọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ wò ó. Etí egungun yìí yẹ kó mú, kó funfun. Ẹ wo bó ṣe já wùlẹ̀wùlẹ̀ bí etí aṣọ tó ti gbó. Egungun ọmọ yìí rọ̀ ni. Kí ló ń jẹ?"

"Ẹ̀kọ mímu láàárọ̀, pẹ̀lú ṣúgà. Ọkà tàbí ẹ̀bà lọ́sàn-án. Omi ọbẹ̀."

"Ẹja ńkọ́? Wàrà? Ẹyin?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹyin kẹ̀, Dókítà? Ṣé ká fi kọ́ ọ lólè?"

Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó ń mú egungun le ni ọmọ náà kò rí jẹ. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń bá a sọ ọ́ nínú, nítorí mo mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn ni mo kọ́ ní yunifásítì, nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú. A ní àtẹ ńlá kan lára ògiri kíláàsì wa, tó to ọmú gbogbo ẹran lẹ́sẹẹsẹ. Èròjà kan wà tí òyìnbó ń pè ní kálísíọ́ọ̀mù. Òun ló wà nínú ẹfun, nínú karawun ìgbín àti nínú eyín. Wàrà ló ń gbé e dé inú egungun ọmọ. Ọmú ìyá ní díẹ̀, nítorí ọmọ ènìyàn kì í yára dàgbà. Ti màlúù ní in jù ú lọ fíìfíì. Ti ewúrẹ́ fi díẹ̀ ju ti màlúù. Ti àgùntàn ló kún jù lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmọ́ àgùntàn tiwa kì í ní ju ẹ̀kún ife kan lọ. Gbogbo wọn pátá ni kò ní èròjà irin tó tó, èyí tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń mu wàrà fi gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja mọ́ ọn. Mo kà á jáde bí ọmọ iléèwé.

Dókítà bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Bàbá, níbo lẹ ti mọ èyí?"

"Mo kọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kí wọn má tíì bí yín."

Ó wo ọmọ náà, ó tún wò mí. Ì bá sàn fún mi kó sọ ohun tó ń rò.

Ìdájọ́ rẹ̀ nìyí: kí n gbé Àdùkẹ́ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bí egungun bá ti le, tí ẹsẹ̀ sì ti ń nà, ó parí. Bí kò bá nà, wọn yóò gé e, wọn yóò tún un tò, nítorí egungun tó bá ti gbó sórí wíwọ́ kò ní gbọ́ oúnjẹ mọ́. Kí n wá wàrà fún un lójoojúmọ́, kí a sì máa lọ ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ teegunteegun sínú ẹ̀kọ rẹ̀. Mo ní wàrà agolo ti gbówó lórí láti bíi ọdún méjì. Agolo kékeré kan ti fẹ́ ká owó ọkọ̀ wa láti Ọ̀yọ́. Ó ní, "Ẹ lọ sí gáà Fúlàní. Wọ́n pọ̀ lọ́nà Ìrẹsà. Ẹ sá rí i pé ẹ sè é dáadáa."

Ibí yìí ni mo gbọ́dọ̀ ti sọ ohun tí n kì í sọ. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lóko ẹran lẹ́yìn ẹ̀kọ́ mi, mo máa ń gbé wàrà tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù wálé fún àkọ́bí mi, Ọlálékan. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìfóófò rẹ̀ máa ń ṣe bí irùngbọ̀n sí i lẹ́nu. Lọ́dún náà, ibà kan mú un tí kò lọ tí kò bọ̀. Ó ń gbẹ títí, ó kú. Dókítà ìgbà náà bi mí bóyá wàrà tí a kò sè ni ó ń mu, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kọ ọ́ sínú ìwé, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. N kò mọ̀ títí di òní bóyá wàrà náà ni. Láti ọjọ́ yẹn, wàrà tútù kò wọ ilé mi mọ́. Dókítà yìí wá ní kí n lọ wá a fún Àdùkẹ́.

Ní Tákíè, mo ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì fún àwa méjèèjì, náírà kan àbọ̀. Ẹ̀wà Ògbómọ̀ṣọ́ ní ata ju tiwa lọ. Àdùkẹ́ jẹ búrẹ́dì nìkan. Pìkọ́ọ̀pù tó ń kó ẹ̀gẹ́ ló gbé wa lọ sí ọ̀nà Ìrẹsà. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni, pẹ̀lú kòtò omi, àti oko káṣú lápá ọ̀tún. Wọ́n sọ̀ wá sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ màlúù. Mo rìn fún bíi wákàtí kan, ọmọ lọ́rùn, kò sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà náà ju àwa méjì lọ. Bí koríko bá mì, ọkàn mi a fò. Mo ń rò pé bí mo bá ṣubú síbí, ta ni yóò mọ ilé ọmọ yìí?

Gáà ni à ń pe abúlé àwọn Fúlàní darandaran. Èyí kò ju ahéré koríko mẹ́fà lọ, yíyí po bí agbọ̀n tí a dojú rẹ̀ dé. Àwọn ajá wọn jáde sí wa lójijì, mo gbé Àdùkẹ́ ga, mo dúró gbọn-in. Ìyá kan tó ga, tó di irun méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ló lé wọn padà.

"Ẹ má sáré, Bàbá! Ẹni tó bá sáré ni wọ́n ń lé. Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn."

Ìyá Súlè ni wọ́n ń pè é. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dùn ju ti ẹlòmíràn ní Ọ̀yọ́ lọ. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó pòṣé, ó wọlé, ó sì gbé igbá wàrà tútù jáde. Kosam ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. Ní tiwa, omi la fi ń gba àlejò, àgbà la sì ń kọ́kọ́ fún. Ní gáà yìí, wàrà ni, ọmọdé sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún. Ó kọjá lára mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé igbá náà sẹ́nu Àdùkẹ́.

N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. N kò mọ ìgbà tí mo gbá igbá náà. Wàrà dà sórí iyẹ̀pẹ̀, igbá ń yí lọ, Àdùkẹ́ bú sẹ́kún, ó sì ń fi ahọ́n lá ètè rẹ̀. Díẹ̀ ti wọ ẹnu rẹ̀.

Ìyá Súlè dìde díẹ̀díẹ̀. "Bàbá. Ó gba ọjọ́ méjì kí màlúù mi kan tó fún mi ní èyí tó tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń parí lọ yìí. Bí mo bá wá sílé yín, tí mo da iyán yín sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ foríjì mí."

"Ṣé ẹ rò pé mo fi oògùn sí i ni?"

Mo jókòó sórí igi kan, mo sì sọ ọ̀rọ̀ Ọlálékan fún un, èyí tí n kò sọ fún Fọláṣadé rí. Ó gbọ́ ọ tán. Ó jókòó ní tòsí mi.

"Èmi náà ti sin méjì," ló wí. "N ò mọ ohun tó pa wọ́n. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síwèé fún mi."

Mo ní kó jẹ́ kí á kúkú sè é. Ó mi orí gidigidi. Ó ní ẹni tó bá gbé wàrà màlúù kaná tó sì mu ún bẹ́ẹ̀, ọmú màlúù náà yóò gbẹ. Mo nawọ́ sí ìkòkò wàrà dídì tó ń hó lórí ààrò rẹ̀.

"Ìyẹn náà ńkọ́? Ṣé kò wà lórí iná ni?"

"Ìyẹn ti gba ewé. Oúnjẹ ni ó ti dà, kì í ṣe wàrà mọ́. Màlúù kò mọ̀ ọ́n mọ́."

Ewé bòmubòmu ló ń wí, èyí tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀ sí wàrà gbígbóná kó lè dì. Mo rántí pé wọ́n kọ́ wa pé wàrà tó bá fúnra rẹ̀ kan kí ó tó dì, èròjà egungun inú rẹ̀ máa ń bá omi rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ewé bá mú dì, inú wàrà náà ni èròjà ń dúró sí. Obìnrin yìí kò rí àtẹ ara ògiri wa rí, ohun tó dára jù ló sì ń ṣe. Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún Àdùkẹ́ níbẹ̀. Ó fi ṣíbí bu ọ̀kan jáde, funfun, ó ń rú èéfín, ó fẹ́ ẹ títí ó fi tutù, ó sì nà án sí i.

Àdùkẹ́ kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

"Gbà," ni Ìyá Súlè wí.

Ọmọ náà wo wàrà, ó gbé itọ́ mì. Ó wò mí. Ó di ọwọ́ kan mú pẹ̀lú èkejì lẹ́yìn rẹ̀.

"Ti Bàbá ni," ló wí.

"Kí ló wí?"

Nílé mi, kò sí ọjọ́ ọjà tí n kì í jẹ wàrà dídì tí a dín. Èmi ni àgbà, iwájú mi ni wọ́n ń gbé e sí. Agolo wàrà kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi tí mo ń fi kọ́kọ́rọ́ tì, fún tíì mi nìkan. Nígbà tí Àdùkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, tó wá nawọ́ sí àwo mi, mo gbá ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Ti Bàbá ni. Kó ọwọ́ rẹ sẹ́yìn. Ọmọ tó ń jẹ oúnjẹ àgbà, olè ni yóò dà." Gbogbo ilé yìn mí pé mo ń tọ́ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń dúró sí tòsí mi bí mo bá ń jẹun, ọwọ́ lẹ́yìn, lórí ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń wọ́ lọ lójú mi. Èmi tí mo ka àtẹ náà jáde láìwòwé.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ó fún un," ni Ìyá Súlè wí jẹ́jẹ́. "Kò ní gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo gba wàrà náà. Mo fa ọwọ́ rẹ̀ kan jáde láti ẹ̀yìn, mo la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo gbé e sí i. Ó ṣì ń wò mí bó ṣe ń jẹ ẹ́, ó ń retí ìgbà tí n ó gbà á padà.

Lẹ́yìn èyí, Ìyá Súlè ronú sí ọ̀rọ̀ wa. Ó ní àbúrò òun kan ń kiri wàrà dídì ní Ọ̀yọ́, yóò máa ya ilé wa. Ó wá rẹ́rìn-ín lójijì.

"Ẹ ò kúkú gbé ewúrẹ́ lọ! Màlúù ló níyì, tó ń bínú. Ewúrẹ́ kò nítìjú. Ẹ sè tirẹ̀ títí kó jó, kò kàn án."

Ó fi ewúrẹ́ funfun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí hàn mí, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kan. Mo san ọgọ́rùn-ún náírà, ohun gbogbo tí mo mú wá bí dókítà bá béèrè owó iṣẹ́ abẹ, àyàfi owó ọkọ̀. Súlè, ọmọ rẹ̀ tó ti níyàwó, sìn wá dé ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì bá wa dá ọkọ̀ tó ń lọ sí Tákíè dúró.

Ràjí ṣì wà ní Tákíè. Nígbà tó rí wa, ó gbọ́wọ́ lérí.

"Bàbá! Ọmọ kan lẹ gbé lọ, ọmọ mẹ́ta lẹ gbé bọ̀! Ẹran ọdún ti yá ni?"

"Wàrà ọmọ ni."

"Wàrà ewúrẹ́? Ẹ̀wọ̀! Ọmọ yẹn á máa ké mẹ́ẹ̀."

Bàbá kan tó jókòó síwájú ní, "Òbúkọ ni yóò wá tọrọ rẹ̀ fẹ́." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ náà dá wọn lóhùn láti inú búùtù, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. N kò rí táńkà tó jóná, n kò mọ ìgbà tí a gun afárá Ọbà. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi wà níwájú orí Àdùkẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, mo ń ro ìwọ̀nba tó lá ní ètè rẹ̀.

Fọláṣadé wà níbi tí a fi í sí láàárọ̀. Kò kí mi. Ó ká aṣọ ọmọ rẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ nu ẹsẹ̀ náà láti itan dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Wọn ò gé e."

"Wọn ò gé e. Wọ́n fún wa lóṣù mẹ́fà."

Èmi fúnra mi ni mo fún wàrà lára ewúrẹ́ náà lọ́jọ́ kejì. Ìka mi kò gbàgbé iṣẹ́ náà. Mo sè é, ó hó, mo tún jẹ́ kó hó. Mo gbé e wá, Àdùkẹ́ sì kó ọwọ́ sẹ́yìn. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù níṣojú rẹ̀, mo gbé agolo náà fún ìyá rẹ̀, n kò sì tì í mọ́. Ìgbà náà ló tó gba wàrà lọ́wọ́ mi, ó sì mu ún. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kan iwájú orí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibà kò wá.

Lóṣù kẹfà, Ràjí kan náà ló gbé wa lọ. Dókítà gbé fọ́tò méjèèjì sójú iná, ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn àti tòní. Etí egungun ti mú, ó funfun. Ó ní kò ní sí gígé. Ti ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Ti òsì ṣì tẹ̀ díẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó máa wà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò sí lára àtẹ kankan. Bí mo bá ń wo ẹsẹ̀ òsì yẹn, mo mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Nísinsìnyí, bí mo bá jókòó láti jẹun, Àdùkẹ́ a ti dé. Kì í dúró kí n pè é. Yóò na ọwọ́ méjèèjì síwájú àwo mi, yóò mú èyí tó tóbi jù, yóò sì máa rìn lọ. Kò tíì jí ohunkóhun ẹnikẹ́ni.